Orúkọ Tí Olè Ń Jẹ́ Níwájú Adájọ́

Ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí àwọn ará Ọ̀jọ́ àti Òkokomáíkò ti ń pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í pẹ́ tí ariwo "Olè! Olè!" fi ń kó èrò jọ. Èrò inú dáńfó yóò bọ́ sílẹ̀, oníṣòwò yóò fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó sọnù, tí kò sì mọ olóhun, yóò ti gbá ẹni tí wọ́n mú létí kó tó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti taya àti epo bẹntiróòlù.

Irú ìwà yìí kò bá àṣà Yorùbá mu rárá. Àwọn àgbà ló wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí wọ́n bá mú olè dé iwájú baálẹ̀ láyé àtijọ́, olóhun yóò sọ tirẹ̀, wọn yóò sì yíjú sí ẹni tí wọ́n mú pé kí òun náà rojọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn olè. Wọ́n lè gbé ẹrù tó jí lé e lórí, kí wọ́n sì fi yí ọjà ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹjọ́ ni ìyà ń wá. Ibi tí ìyà ti ṣáájú ẹjọ́, gbogbo Nàìjíríà ló rí àbájáde rẹ̀ ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n jí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ìpànìyàn náà. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò pe gbogbo olè ní orúkọ kan náà. Gbéwiri yàtọ̀ sí jàgùdà, kólékólé yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, adigunjalè kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn dọ́gba. Òfin náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2015, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni ti olè jíjà lásán. Bí ó bá fi ipá gba nǹkan, ó di ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Bí ó bá mú ìbọn tàbí ohun ìjà mìíràn dání, tàbí tí ó bá ẹni tó mú un dání rìn, ikú ni. Ti ẹni tó ń gba ẹrù olè ńkọ́? Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti 1916, tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù jogún, fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, nígbà tí olè fúnra rẹ̀ ní ọdún 3. Ẹni tó bá rò pé èyí le jù, kó rántí pé àwọn baba ńlá ti sọ pé ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń ra fóònù olówó pọ́ọ́kú lẹ́bàá títì ronú sí i.

Nítorí náà, kì í ṣe iye owó ohun tó sọnù ló ń sọ bí ìyà yóò ti tó. Ní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gba ìlú kan. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ọlọ́pàá mú un ní 2010. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n so ó rọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń wí káàkiri ni pé torí adìẹ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹ̀sùn ìdigunjalè ló mú ìdájọ́ ikú wá. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè dárí jì í ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tó ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú. Ẹni tó gbọ́ "adìẹ" lè rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò tó gbọ́ "ìdigunjalè" mọ̀ pé orí ènìyàn ló wà nílẹ̀.

Ibi tí àṣà ti lè ṣe ọmọ Yorùbá ní jàǹbá ni ẹ̀bẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa, bí àgbà bá bínú sí i, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ì báà má jẹ̀bi. Nílé, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ó ń paná ìjà. Ní tésàn ọlọ́pàá, bí wọ́n bá kọ gbólóhùn kan náà sílẹ̀ tí ọmọ sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìjẹ́wọ́ ni wọn yóò pè é. Àwọn òbí mìíràn tilẹ̀ ń rọ ọmọ pé kó gbà pé òun jẹ̀bi kí adájọ́ lè ṣàánú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó burú ni.

Abala 35 àti 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí i létí ní èdè tó gbọ́, àti pé aláìjẹ̀bi ni títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2011, fi kún un pé kí wọ́n ya fídíò ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́. Bí kò bá sí fídíò, kí agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń wí pé ẹni tó gba lọ́yà ti mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Wọ́n gbàgbé pé alágbàwí kì í ṣe àjèjì: olórí ẹbí ló ń bá ọmọ ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ọba. Ká ní ọmọ iṣẹ́ kan, tí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ láti sanwó oṣù fún, gbé rédíò ọ̀gá lọ sílé ní ọ̀sán gangan, tó gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀tọ́ òun ni. Ó ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n èrò ẹ̀tàn wà lára ohun tí òfin ń pè ní olè jíjà, ìgbàgbọ́ òtítọ́ yẹn sì lè yọ ọ́ nínú ẹ̀sùn. Àṣà náà ń wo èrò ọkàn: arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè sun iṣu jẹ lóko olóko, bí ó bá dì í lẹ́rù lọ ló di olè. Ọmọ iṣẹ́ yìí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ èyí. "Èmi ni mo gbé e" nìkan ni yóò sọ.

Owó lọ́yà ni ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù. Láti ọdún 2000 ni ìjọba Èkó ti dá ọ́fíìsì alágbàwí ará ìlú sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OPD, láti gbèjà aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ìjọba àpapọ̀, Legal Aid Council, ti wà láti 1976. Kí ìyá tó ta aṣọ òkè rẹ̀ nítorí owó béèlì ní tésàn, níbi tí béèlì kò ti gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ wá àwọn wọ̀nyí lọ. Kó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé, kó bọ̀wọ̀ fún ọlọ́pàá, kó má sì tọwọ́ bọ ìwé kankan kí alágbàwí rẹ̀ tó dé.