Ta Ló Yẹ Kó Ka Ọjà?

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ mú ìwé àti bírò dé ọjà Mowe tàbí ti Ìfọ̀, kí ẹ máa bi àwọn obìnrin tó pàtẹ léèrè iye apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí wọ́n tà lánàá. Bí òwe yìí kò bá jáde lẹ́nu wọn, ẹ ó rí i lójú wọn. Ta ló rán yín? Ṣé owó orí náà tún ni? Mi ò bá wọn wí.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá la wà. Láyé àwọn òyìnbó, ẹni tó bá wá ka nǹkan ọlọ́jà, ó fẹ́ gbà á ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́ l'Abẹ́òkúta. Obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ san. Bí iyàn bá dé lórí ọjọ́ orí, àwọn agbowó-orí a máa bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Ohun tí òwe kọ̀ gan-an nìyẹn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jáde lọ́dún 1947, wọn ò sì sinmi títí ọba Ẹ̀gbá, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ìfura tó wà lójú àwọn ọlọ́jà wa lónìí, ó ní ìtàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé kí ìyá má mọ iye ọmọ rẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀ ọ́n, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀kan kò tíì wọlé nígbà tílẹ̀ ṣú? Àjèjì ni òwe ń lé sẹ́yìn. Bí a bá wá ń wá ẹni tí yóò ka ọjà, Ìyálọ́jà ni, Babalọ́jà ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ aláta ni. Àwọn ló yẹ kí á dá lẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ wọn ló sì yẹ kí ìwé náà wà. Ètò tó bá fẹ́ kà á tán kó sì gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Ní Amẹ́ríkà, Larry Lev àti Garry Stephenson ti Yunifásítì Oregon State kọ́ àwọn alábòójútó ọjà àgbẹ̀ ní ọgbọ́n kan. Nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka àwọn tó ń wọlé fún ìṣẹ́jú 10 péré, wọ́n á sì sọ iye náà di ìlọ́po 6. Wọ́n tún gbé pátákó ìbéèrè kalẹ̀, kí oníbàárà lẹ àmì roboto kékeré mọ́ ìdáhùn tó bá a mu. Wọn kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ní Mowe, igbá mẹ́ta tó: ọ̀kan fún ará àdúgbò, ọ̀kan fún ẹni tó wá láti Èkó, ọ̀kan fún ẹni tó kàn ń kọjá lójú títì Ìbàdàn. Kí oníbàárà ju ẹyọ ẹ̀wà kan sínú èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á dáhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnìkan bá sọ pé obìnrin ọjà kò mọ ìṣirò, káàdì alájọ ni kó lọ wò. Ojoojúmọ́ là ń fàmì sí i. Bí oṣù bá parí, ọlọ́jà mọ iye tó yẹ kó gbà, ó sì mọ̀ pé owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ.

Bí àwọn ọlọ́jà bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ mú kóńgò dọ́gba ná, torí kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú yóò ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka àgbẹ̀ tó kó irè oko rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára alárobọ̀. Èyí ló ká mi lára jù. Ìlú Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mowe. Nínú ìrẹsì tí à ń pè ní Ọ̀fàdà lórí àtẹ, kóńgò mélòó ló ti oko Ọbáfẹ́mi-Òwódé wá? Bí iye àgbẹ̀ bá ń dín kù láti oṣù dé oṣù, ọjà lè kún fọ́fọ́ kí oko máa kú lọ, kò sì sí ojú tó lè rí i láìsí ìwé. Kí wọ́n kọ apẹ̀rẹ̀ tó bàjẹ́ pẹ̀lú, àti ibi tí àgbàrá ti ń lé èèyàn kúrò nídìí ọjà.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí Ìyálọ́jà bá dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òwódé tó ní àwọn ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Bó bá ṣí ìwé, tó fi iye èèyàn tó wọ ọjà láàárín aago méje sí aago méjìlá ọ̀sán hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Ewu ń bẹ níbẹ̀ o: iye kan náà lè mú kí wọ́n fi kún owó ọjà. Nítorí náà, ojú ìwé tó kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó mú lọ. Kí èyí tó kan owó tí wọ́n pa wà nílé.