Ọṣẹ Ìfárí Nínú Èèpo Kòkó

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní agbègbè Arámọkọ-Èkìtì, inú oko ni èèpo kòkó sábà máa ń jẹrà sí. Èyí tó lárùn a sì máa kó o ran igi. Bẹ́ẹ̀, èèpo yìí ni àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ń sá, tí wọ́n ń sun di eérú, tí wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀ láti fi se àdín. Pọ̀táṣíọ̀mù inú eérú ló ń mú ọṣẹ náà rọ̀, tó fi yẹ fún fífá orí àti irùngbọ̀n.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fi síse rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́, kí ó sì ṣọ́ra, nítorí omi eérú a máa bó ara. Olùkọ́ tó bá ti sẹ́ omi eérú rí kò ní wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tì nígbà tó bá ń ṣàlàyé álíkálì.