Odi tí ó kọjú ìbọn sí ìlú

Nínú abala yìí, a máa ń mú yín rìn yí ká àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà láàárín wa, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, a óò ré òkun kọjá. Ibi tí a ń lọ ni Marseille, ìlú èbúté ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, létí Òkun Mẹditaréníà. Ilé tí a fẹ́ kí ẹ bá wa wò níbẹ̀ ni odi kan tí wọ́n ń pè ní Fort Saint-Jean. Odi náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni a torí rẹ̀ yàn án. A yàn án nítorí pé ó kọ́ wa ní ìbéèrè kan tí ó yẹ kí á máa bi gbogbo ilé ńlá tí a bá wọ̀: ta ni wọ́n kọ́ ọ láti dènà?

Nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti tẹ Marseille dó. Àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n ti Phocaea wá, ní etí òkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Èyí já sí pé àtìpó ni àwọn tí ó kọ́kọ́ mọlé níbẹ̀. Ohun tí ó wù wọ́n níbẹ̀ kò ṣòro láti rí: omi òkun ya wọ inú ilẹ̀, ó sì di ibi ìsádi fún ọkọ̀ nígbà tí ìjì bá ń jà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Vieux-Port, èyíinì ni Èbúté Àtijọ́. Ẹnu èbúté náà há. Odi méjì ni ó dúró sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bí òpó ẹnu ọ̀nà: Saint-Nicolas ní gúúsù, Saint-Jean ní àríwá. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè wọ èbúté náà láìgba àárín wọn kọjá.

Nígbà tí àwa olùkọ́ mélòó kan lọ bẹ̀ ẹ́ wò, apá ilé ìjọsìn Saint-Laurent ni a gbà wọlé. Afárá tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá lórí títì wọ inú odi. Atẹ́gùn líle tí wọ́n ń pè ní mistral ń fẹ́ láti àríwá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí ẹni tí kò di tirẹ̀ mú. Láti orí ògiri odi, ojú ríran jìnnà: òkun ní ìwọ̀-oòrùn, èbúté àti ọkọ̀ kéékèèké ní ìlà-oòrùn, ìlú sì wà lẹ́yìn. Ibi tí a dúró sí yìí ni ẹ̀ṣọ́ máa ń dúró sí láyé àtijọ́. A fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Kì í ṣe ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó kọ́ odi yìí. Ní ọ̀rúndún kejìlá, ibùdó ẹgbẹ́ àwọn ajagun Kristẹni kan ni ó wà níbẹ̀, àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn tí wọ́n sì ń gba àwọn arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù sílé. Jòhánù Mímọ́ ni alágbàwí wọn, ìdí nìyí tí odi fi ń jẹ́ Saint-Jean títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ilé ìṣọ́ onígun mẹ́rin, èyí tí a fi orúkọ Ọba René pè. Ìtàn ilé ìṣọ́ yìí kò dùn ún gbọ́ létí àwọn ará Marseille. Ẹ̀wọ̀n irin ńlá ni wọ́n fi ń dí ẹnu èbúté nígbà náà. Ní ọdún 1423, Alfonso, ọba Aragon, kó ọkọ̀ ogun wá, ó já ẹ̀wọ̀n náà, ó kó ìlú, ó sì dáná sun ún. Nígbà tí ó ń lọ, ó gbé ẹ̀wọ̀n náà lọ sí ìlú Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì, inú kàtídírà ibẹ̀ ni ó sì wà, a gbé e kọ́ sára ògiri, títí di òní olónìí. Lẹ́yìn ìparun yìí ni Ọba René ní kí wọ́n tún ilé ìṣọ́ kọ́. Àwa tí a rí i ní ọdún 2021 tí àwọn ohun ọba Abọ́mẹ̀ 26 padà bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, kò ṣòro fún wa láti mọ bí ó ti ń rí kí ohun ìní ẹni wà lára ògiri onílé mìíràn.

Ní ọdún 1644, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ róbótó kan kún un kí àwọn atukọ̀ lè máa fi mọ ọ̀nà. Títí di ìgbà náà, ẹ̀yìn òde ni odi ń ṣọ́: ó ń wo òkun, ó ń dènà ọ̀tá, ó sì ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà.

Ọdún 1660 ni nǹkan yí padà. Àwọn ará Marseille jẹ́ ènìyàn tí ó fẹ́ràn òmìnira wọn. Àwọn aṣojú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yàn ni ń ṣàkóso ìlú, wọn kò sì fẹ́ kí ààfin ọba máa pàṣẹ fún wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ọba Louis kẹrìnlá kó ọmọ ogun wá, ó fọ́ apá kan lára odi ìlú, ibi tí ó fọ́ náà ni ó sì gbà wọlé. Ó gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìlú, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ odi Saint-Nicolas, kí wọ́n sì fẹ Saint-Jean lójú. Yàrà tí wọ́n gbẹ́, àárín odi àti ìlú ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ìbọn tí wọ́n gbé sórí rẹ̀, kì í ṣe òkun nìkan ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ilé àwọn ará ìlú pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró sórí odi lónìí, kí ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, yóò rí i bí ìlú ti sún mọ́ tó, yóò sì mọ̀ pé kò sí ìdílé kan lágbègbè èbúté tí ọta ìbọn náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ará ìlú kò gbàgbé. Ní ọdún 1790, nígbà tí ìyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, wọ́n gba àwọn odi náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ọba. Ṣùgbọ́n odi tí ó ti mọ iṣẹ́ ìfìyàjẹni kì í tètè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Inú Saint-Jean kan náà ni àwọn olóṣèlú tuntun sọ di ilé ẹ̀wọ̀n, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 1795, àwọn ọ̀tá àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ya wọ inú rẹ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú ti yí padà, iṣẹ́ ilé kò yí padà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tún burú ju èyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943, àwọn ará Jámánì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọlọ́pàá Faransé, lé nǹkan bí 20,000 ènìyàn jáde kúrò ní àdúgbò tí ó wà lápá àríwá èbúté, ní ẹ̀gbẹ́ odi gan-an, wọ́n sì fi àdó olóró wó nǹkan bí 1,500 ilé lulẹ̀. Àwọn apẹja, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn àtìpó ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Odi dúró, ilé mẹ̀kúnnù ni ó lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, ìbọn àti ọta tí àwọn ará Jámánì kó sínú odi bú gbàmù, ó sì wó apá tó pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Àlùjéríà àti Mòrókò wà ní iwájú àwọn ọmọ ogun tí ó gba Marseille sílẹ̀. Ní Toulon tí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn tí Faransé ń pè ní tirailleurs sénégalais jà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kó ọmọ jọ sí láti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn, Dàhọ̀mì pẹ̀lú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa bi wá léèrè nígbà tí a dé: kí ni odi Faransé kàn wá? Ìbéèrè náà dára, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Epo pupa ni. Òróró ólífì ni àwọn ará Marseille fi ń se ọṣẹ wọn tí ó lókìkí, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òróró náà kò tó wọn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀pà láti Sẹ̀nẹ̀gà àti epo pupa láti etíkun wa, fún ọṣẹ àti fún àbẹ́là. Ní ọdún 1841, oníṣòwò ará Marseille kan tí ń jẹ́ Victor Régis fìdí kalẹ̀ sí Wídà, nínú odi àtijọ́ ti Faransé tí wọ́n ti fi ṣòwò ẹrú rí. Àwọn ilé ìṣòwò Marseille kò pẹ́ kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn oníṣòwò ni àdéhùn dé: ní ọdún 1863, Ọba Sodji ti Àjàṣẹ́, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu ìlú rẹ̀ ní ọdún 1861, gbà láti wà lábẹ́ ààbò Faransé. Ní àwọn ọdún tí òwò yìí bẹ̀rẹ̀, àárín odi méjèèjì ni ọkọ̀ tí ó ru epo tí àwọn ìyá ìyá wa fi ọwọ́ fún ń gbà wọ Èbúté Àtijọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, odi náà kàn wá. Òógùn àwọn ìyá wa ti kọjá lábẹ́ ìbọn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún odi yìí. Wọ́n tún un ṣe, ní oṣù kẹfà ọdún 2013 sì ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí apá kan Mucem, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ènìyàn Yúróòpù àti Mẹditaréníà. Ilé tuntun tí Rudy Ricciotti yàwòrán rẹ̀ wà létí omi, ara rẹ̀ dà bí àwọ̀n apẹja tí a fi kọnkéré hun. Afárá gígùn kan, tí ó tó mítà 115, so ó mọ́ odi. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú odi kí ó rìn nínú ọgbà rẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Ọgbà náà ni wọ́n ń pè ní Jardin des migrations, ọgbà ìṣípòpadà. Àwọn ohun ọ̀gbìn tí ó ti ilẹ̀ kan ṣí lọ sí òmíràn yí òkun náà ká, tí wọ́n wá di ọmọ onílẹ̀ níbi tí wọ́n dé sí, ni wọ́n fi ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn. A rí àwọn ìyá tí ó jókòó pẹ̀lú ọmọ wọn lórí ògiri tí ìbọn wà lórí rẹ̀ rí. Ìlú tí odi ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá di onílé.

A kò sọ èyí láti fi dá yín lọ́rùn pé gbogbo nǹkan ti dára. Òkun kan náà tí ọgbà yẹn ń fi ìrìn àwọn igi yangàn lójú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Áfíríkà ń kú sí. Ewéko rí àyè dúró lábẹ́ odi, ọmọ ènìyàn ń wá ìwé àṣẹ ìwọ̀lú kiri. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà ilé mú yín gbàgbé èyí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìbéèrè wa padà bọ̀ wá sílé. Àwa náà ní odi. Ní Kétu, yàrà àti ògiri yí ìlú ká, ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìta ni ẹnu ọ̀nà yẹn kọjú sí. Wọ́n kọ́ ọ láti dáàbò bo ẹni tí ń bẹ nínú ilé. Bí ogun Dàhọ̀mì tilẹ̀ fọ́ Kétu ní ọdún 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìlú náà kọ́ odi rẹ̀ láti fi dẹ́rù ba ọmọ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Àkàbà Ìdẹ́nà àti odi Ọba Louis nìyẹn, ẹ kò sì ní rí i nínú bí òkúta wọn ti ga tó.

Ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ lọ sí ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò yín. Ó lè jẹ́ ààfin, ó lè jẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, ó lè jẹ́ ilé àwọn Àgùdà tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, ó lè jẹ́ ilé ìjọba tí àwọn òyìnbó kọ́. Ẹ kí àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ta ni ó kọ́ ilé yìí, ta ni wọ́n kọ́ ọ láti dènà tàbí láti dáàbò bò, lọ́wọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lónìí? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Marseille ní ìwé tí ó sọ ìtàn odi rẹ̀ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún. Ti àwọn ilé wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn tí orí wọn ti funfun, a kò sì mọ iye ìsinmi tí ó kù fún wọn.