Ẹ Kọ́ Wọn Kọjá Bọ́tìnnì: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Olùkọ́ Kóòdù ní Jos

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Láti yunifásítì títí dé àwọn ibi ìkọ́ṣẹ́ bíi nHub, Jos ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi kóòdù jẹun láìjẹ́ pé wọ́n kó lọ sí Èkó. Ìyìn yín nìyẹn. Kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó ni mo dojú kọ. Àṣà tó ti ràn ká gbogbo wa ni.

Àṣà náà nìyí: à ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé áàpù sórí cloud, a kì í kọ́ wọn bí áàpù ṣe ń dúró níbẹ̀. Ọmọ á ṣí àkáǹtì, á tẹ̀lé fídíò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, á tẹ bọ́tìnnì, áàpù á jáde, kíláàsì á pàtẹ́wọ́, sátífíkéètì á tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tí sáfà wà. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò bẹ́ẹ̀, Northern Virginia, ẹkùn tí AWS kọ́kọ́ ṣí ní 2006, ni wọ́n ń lò, ọmọ wa náà á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti Jos dé ibẹ̀ ju 8,000 kìlómítà lọ. Nínú okùn fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń sáré bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè sì gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ojú-ewé kan tó hàn, ìyẹn ló sì ń mú kí áàpù falẹ̀. Àwọn ẹkùn tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà: Azure ti ṣí ẹkùn sí Johannesburg ní 2019, AWS sí Cape Town ní 2020, Google sí Johannesburg ní 2024. Síbẹ̀, ẹ má sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fi máàpù yàn. Ọ̀nà tí okùn abẹ́ òkun gbà ló ń pinnu bí dátà ṣe ń yára. Nígbà mìíràn, dátà láti Nàìjíríà á gba Yúróòpù kọjá kó tó dé Gúúsù Áfíríkà. Kí wọ́n fi fóònù wọn wọ̀n ìyára ẹkùn kọ̀ọ̀kan láti Bukuru, kí wọ́n tó yàn.

Ọ̀rọ̀ owó ló burú jù. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ cloud fi ń ka owó wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Kó tó pé ọdún kan, ó ti kọjá 1,500. Owó áàpù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. “Ọ̀fẹ́” tí a fi ń fa ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra náà kò ṣe é gbọ́kàn lé: Heroku fòpin sí tiẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2022. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ọmọ tó gbé ohunkóhun sókè, kó ti ṣètò ìkìlọ̀ ìnáwó sórí àkáǹtì rẹ̀, kó sì mọ̀ pé ìkìlọ̀ lásán kì í dá ìnáwó dúró. Kó má sì kọ kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì sínú kóòdù tó ń gbé sórí GitHub. Àwọn olè ti fi ẹ̀rọ ṣọ́ ibẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Orí fáíbà àti ẹ̀rọ ìgbàlódé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dán iṣẹ́ wò ní kíláàsì. Orí fóònù àtijọ́ ni oníbàárà wọn ní Terminus tàbí Riyom á ti lò ó. Chrome ní ibi tí a ti lè mú kí ìsopọ̀ falẹ̀ bí 3G. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó ní gbogbo ìgbà. Docker àti emulator Firebase sì wà fún ẹni tó fẹ́ kọ iṣẹ́ rẹ̀ parí lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ láìná dátà púpọ̀.

Ní 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 20 oṣù Kẹwàá 2025, ẹkùn AWS ní Northern Virginia fúnra rẹ̀ dojú dé, ọ̀pọ̀ áàpù káàkiri ayé sì bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló mọ ohun tí áàpù rẹ̀ á ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni wọ́n, a kò fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n gbèsè dọ́là á dẹ́rù bà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ kò ní sí nítòsí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní sátífíkéètì àfi bí áàpù rẹ̀ bá ṣí lórí 3G, bí ìkìlọ̀ ìnáwó bá wà lórí àkáǹtì rẹ̀, bó bá lè pa dátà rẹ̀ rẹ́ lójú yín kó sì mú un padà láti inú ẹ̀dà ìpamọ́, bó bá sì lè sọ iye tí áàpù náà á máa ná an lóṣù ní náírà. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe é kò tíì kẹ́kọ̀ọ́ yege, olùkọ́ rẹ̀ ló sì yẹ ká kọ́kọ́ bi.