Aṣọ Ìyá Wa Tó Wà Nínú Àpótí: Ṣé Ká Gé E?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi pé àpótí aṣọ ni ìyá àwọn fi sílẹ̀. Òun fẹ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ rán épírọ́ọ̀nù ìdáná fún àwọn ọmọbìnrin òun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ta kú pé ẹni tó bá gé aṣọ ìyá, ìyá ló gé.

Èmi rò pé àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ tiwọn. Aṣọ tí kòkòrò ń jẹ nínú àpótí kò bọlá fún òkú. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ kọ́ là ń gé.

Bí ẹ bá rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ṣì pé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wa fi ya ọnà rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ojú kan ni wọ́n ń ya ọnà sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ju ojú lọ. Bó bá jẹ́ Ọlọ́ba, tó jáde fún ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935, tàbí Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, ìtàn lẹ mú dání. Ẹ̀gbọ́n, èyí ni kí ẹ tọ́jú fún ẹbí.

Èyí tó ti ya ńkọ́? Ẹ nà án sí oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà bí asẹ́ ti kú nìyẹn. Ibi tó ki lẹ ó lò.

Ẹ má tíì mú àlùmọ́gàjí o. Ẹ kọ́kọ́ fi bíléèdì tú ojú rírán. Ìró àdìrẹ àtijọ́, abala méjì ni wọ́n sábà ń rán pọ̀. Aṣọ òkè, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó ínǹsì 4 ni wọ́n rán mọ́ra. Ọ̀já etù kan yóò ṣe okùn ìdí épírọ́ọ̀nù. Èyí tó ṣẹ́kù nínú sányán yóò ṣe ẹnu àpò. Bí ẹ bá gé ẹnu ọ̀já, ẹ tètè ṣẹ́ etí rẹ̀, kí òwú má baà máa tú. Léèsì ọrùn bùbá tó ti gbó náà dára ní etí àpò.

Ẹ fi tẹ́rù tuntun tẹ́ ẹ nínú, kí agbára lè wà lára tẹ́rù, kó má wà lára aṣọ àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ tẹ́rù náà, kó má baà sún kì lẹ́yìn rírán. Ẹ fọ àdìrẹ lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi yóò fi mọ́, kí aró má baà ba funfun jẹ́, kí ẹ sì sá a sí ibòji.

Bí ọmọ yín bá wọ̀ ọ́ nídìí ààrò, tó bi yín pé aṣọ ta nìyí, ẹ fi orúkọ ìyá yín dá a lóhùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.