Inú Dígí Kọ́ ni Olókun Ń Gbé

Ẹ̀yin olórìṣà ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀nà òrìṣà ní Houston àti káàkiri Texas, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a bá ara wa sọ láìfepo bọyọ̀.

Ó ti ń di àṣà láàárín wa pé bí ọmọ bá gba ìsinmi, tí òbí sì fẹ́ kó mọ Olókun àti Yemọja, Downtown Aquarium ni yóò mú un lọ. Wọn á ní, “Wá wo ilé Olókun.” Wọn á júbà níwájú dígí, wọn á ya fọ́tò, wọn á wá ounjẹ jẹ, wọn á padà sílé. Àwọn kan gbà pé ẹ̀kọ́ òrìṣà ni wọ́n kọ́ ọmọ lọ́jọ́ náà.

Àwa sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wo ẹja. A kò sì dá èèwọ̀ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹnu tiwa ni èèwọ̀ ti ń jáde. Ifá àti òrìṣà ló ń fi í lé ni lọ́wọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ilé ìwòran ni ilé ìwòran, ilé òrìṣà ni ilé òrìṣà. Ọmọ tí a bá ti inú dígí fi Olókun hàn, dígí ni yóò máa bọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibẹ̀ dáadáa. Landry's, ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò ilé oúnjẹ, ló ṣí i ní 2003, lórí ilẹ̀ tí ilé panápaná kan àti ilé iṣẹ́ omi ìlú Houston wà tẹ́lẹ̀. Bí o bá jókòó jẹun níbẹ̀, táǹkì ńlá kan ló wà láàárín tábìlì gbogbo, omi inú rẹ̀ tó gálọ́ọ̀nù 150,000. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ, ẹja wà nínú àwo rẹ. Níta, ọkọ̀ ojú irin kékeré ń gbé àwọn ọmọdé gba inú ihò dígí kọjá láàárín àwọn ẹja ekurá, nínú omi gálọ́ọ̀nù 200,000. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Oníṣòwò ń ta ọjà rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ òrìṣà. Àwa tí a fi orúkọ òrìṣà pe ọjà yẹn ni ẹjọ́ ń bẹ lọ́rùn wa.

Nínú ilé kan náà, wọ́n ṣe àwókù ọkọ̀ òkun ayé àtijọ́ tó rì, kí ọmọdé lè máa wò ó ṣeré. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti òkun kì í ṣe eré lẹ́nu tiwa. Orí òkun ni wọ́n gbà kó àwọn tó gbé òrìṣà dé Kúbà àti Bùràsíìlì. Àìmọye ló bá omi lọ. Àwọn ẹja ekurá a sì máa tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹrú lẹ́yìn nítorí òkú tí wọ́n ń jù sómi. Ìdí nìyí tí ọwọ́ wa kì í fi í yá láti rẹ́rìn-ín bí a bá dúró létí òkun tí a ń júbà. Ta ni yóò sọ ìtàn yìí fún ọmọ tó ń gun ọkọ̀ ojú irin gba àárín ẹja ekurá, tó ń ké ìdùnnú? Bí òbí rẹ̀ kò bá sọ ọ́, ibẹ̀ kò ní í sọ ọ́.

Ti ẹkùn tún wà. Wọ́n kó ẹkùn funfun mẹ́rin sínú ilé tí wọ́n ṣe bíi tẹ́ńpìlì ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n pè é ní Maharaja's Temple. Ní 2016, ẹgbẹ́ Animal Legal Defense Fund sọ ní gbangba pé ibi tí wọ́n fi àwọn ẹkùn náà sí kò dára fún wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ ọ̀hún sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Texas, tó dá a ní 2021. A kò ní gba ẹjọ́ náà rò níbí. Ohun tó kàn wá ni tẹ́ńpìlì. Ilé ìsìn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ilé ẹran. Bí àwa fúnra wa bá ń pe ibẹ̀ ní ilé Olókun, ẹnu wo ni a ó fi bínú bí wọ́n bá gbé ère Olókun síbẹ̀ lọ́la, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lé e lórí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ẹran, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ̀rọ̀ ẹja inú dígí?” Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe èébú. Ní 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá àwọn olórìṣà láre lórí ìlú Hialeah, tó ṣe òfin láti dí ẹbọ wọn lọ́wọ́. Ní Texas níbí, ìlú Euless ní José Merced, tó jẹ́ olórìṣà, kò gbọdọ̀ pa ewúrẹ́ nínú ilé rẹ̀. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dá a láre ní 2009. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà fún wa yìí ní ẹrù tirẹ̀. Ẹran tí a fi rúbọ, a mọ ìdí tí a fi pa á, a bá a sọ̀rọ̀, a sì tọrọ. Bí ó bá jẹ́ ti jíjẹ, a jọ jẹ ẹ́. A kì í tọ́jú rẹ̀ kí èèyàn lè máa wá fi ṣe ìran. Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ láti rúbọ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹbọ àti ìran, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó ń bú wa yóò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Níbo wá ni kí a mú ọmọ lọ? Odò Houston dọ̀tí.” Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòran yẹn ni odò Buffalo Bayou ń gbà kọjá. Etí odò yìí ni wọ́n ti dá Houston sílẹ̀ ní 1836. Òun ló kún ní oṣù Kẹjọ 2017 nígbà ìjì Harvey, nígbà tí ó lé ní 60 èèyàn tó kú ní Texas. Omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Omi inú táǹkì ni ẹ̀rọ ń pàṣẹ fún. Omi Bayou kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dún náà. Èwo nínú méjèèjì ló jọ òrìṣà? Síbẹ̀, a ń sanwó wọlé lọ wo èyí tí a fi dígí há mọ́lé, a sì kẹ̀yìn sí èyí tó ń ṣàn lọ sí òkun lọ́fẹ̀ẹ́.

Òótọ́ ni pé ó dọ̀tí. Láti 1990 ni ìjọba Texas ti ń kìlọ̀ nípa jíjẹ ẹja àrọ̀ àti akàn láti ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà àti ní apá òkè Galveston Bay, nítorí májèlé ilé iṣẹ́. Ẹja àrọ̀! Èyí tí à ń fi bọ òrìṣà. Ǹjẹ́ bí ìyá ẹni bá ń ṣàìsàn, ṣé àwòrán rẹ̀ la ó máa lọ wò nílé onífọ́tò?

Ilé pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní Òṣogbo, ìtàn sọ pé ọba Láàróyè bọ Ọ̀ṣun, ẹja jáde wá, ọba tẹ́wọ́ gbà á. Atẹ́wọ́gbẹja ni ó di Ataọ́ja, oyè ọba ibẹ̀ títí dòní. Ẹ kíyè sí i: ọwọ́ ni, kò sí dígí láàárín. Nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹnikẹ́ni kì í pẹja. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù lókè odò sọ omi náà di ẹrẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Ibi gbogbo ni omi ti ń ké pe àwọn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí ọmọ tó mọ orúkọ ẹja inú táǹkì, kí ó mọ orúkọ odò tó sún mọ́ ilé rẹ̀, bóyá Buffalo Bayou, White Oak Bayou tàbí Brays Bayou. Ẹ mú un débẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kí omi. Ẹ mú àpò dání, kí ẹ ṣa ike àti ọ̀rá kúrò létí omi. Iṣẹ́ òrìṣà ni. Ẹ mú un dé Galveston, kí ó fẹsẹ̀ tẹ omi òkun, kí ó sì gbọ́ ìtàn àwọn tí òkun gbé dé àti àwọn tí òkun gbé lọ. Ẹni tó bá sì ń gbé ẹbọ lọ sódò, kí ó má gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá. Ohun tí omi kò lè jẹ, a kì í fi bọ omi.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ọmọ bá tún fẹ́ lọ wo ẹja nínú dígí, ẹ mú un lọ. Yóò ti mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Kí Olókun má ṣe kọ̀ wá. Kí Yemọja má ṣe gbàgbé àwọn ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kí omi tí a jogún má ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.