Ojú Irin Tó Dúró sí Oyíngbò

Àwọn àgbà ní ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Lójú tèmi, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Oyíngbò náà kò mọ̀ pé èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ. Agbádó ni à ń gbé, Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti ń ta aṣọ. Nígbà tí ojú irin Pupa bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, inú wa dùn. Kìlómítà 27 ni láti Agbádó dé Oyíngbò, ó sì gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì àti Yábàá kọjá. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò mọ̀ pé oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá dé Oyíngbò, wọn á gbé ẹrù lérí, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí bá kọ̀ńdọ́ dánfó ná owó ọkọ̀, kí wọ́n tó gba Ìdó kọjá sórí Afárá Carter. Ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ojú irin bá wọn dín kù, orí afárá yẹn ni wọ́n ń san án padà sí.

Bẹ́ẹ̀ ojú irin kan wà tó wọ erékùṣù. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ojú irin Búlúù ti ń gbé èrò láti Máìlì Kejì, gba ẹ̀gbẹ́ Tíátà Àpapọ̀ ní Ìgànmú, sọdá omi dé Marina. Ìgànmú yìí gan-an ni ètò sọ pé kí Pupa ti wá bá Búlúù. Ẹni tó mọ Èkó mọ̀ pé Oyíngbò sí Ìgànmú kò jìnnà. Káàdì Cowry kan náà la fi ń wọ méjèèjì. Káàdì ti ṣe ìgbéyàwó, ojú irin kò tíì mọ ara wọn!

Àwọn Òyìnbó amúnisìn kò ṣe báyìí. Rélùwéè Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901, Ìdó ni ó dúró sí, kò wọ erékùṣù. Ní 1902, wọ́n fi ọkọ̀ tráàmù tó ń lo ooru omi gbígbóná sọdá Afárá Carter, kí èrò Ìdó lè dé àárín ìlú. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wa o. Òwò ni wọ́n ń wá. Tráàmù náà kógbá sílé ní 1933, àwa sì tún dúró sétí omi kan náà.

Ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ Keisei tó ń kó èrò láti ìgbèríko Chiba tún gbogbo ojú irin rẹ̀ tò ní 1959, kí ìbú rẹ̀ lè bá ti abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà mu. Ní oṣù Kejìlá 1960, ará ìgbèríko ń jókòó sórí àga kan náà wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ní tiwa, ìbú méjèèjì ti dọ́gba. Lóòótọ́, dísẹ̀lì ni Pupa ń lò, iná mànàmáná ni Búlúù ń lò. Bí ọkọ̀ wọn kò bá lè wọ ojú irin ara wọn, kí èrò ṣáà lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan, kí ó wọ èkejì lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ìdádúró ló ń bà mí lẹ́rù. Lateef Jakande ló gbé ètò Metroline kalẹ̀. Ìjọba ológun Buhari wọ́gi lé e ní 1985. Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí ojú irin Búlúù ní oṣù Kìíní 2023. Jakande ti kú ní 2021. Ọdún méjìdínlógójì gbáko!

Ariwo ojú irin Lẹ́kí ni a tún ń gbọ́. N kò bá ará Lẹ́kí jà, ìyà ojú ọ̀nà ń jẹ àwọn náà. Ṣùgbọ́n kí ìjọba Èkó so Oyíngbò mọ́ Ìgànmú ná, kí wọ́n sì kéde ọjọ́ tí yóò parí. Ìyá mi ti pé ọdún mẹ́rìnléláàdọ́ta. Wọn kò lè fi ọdún méjìdínlógójì mìíràn ru aṣọ sọdá Oyíngbò.